Ohùn Tí Wọ́n Gé Àtúnṣe Rẹ̀ Dànù

Bí ènìyàn bá ṣe àṣìṣe, tó sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, tí ẹlòmíràn wá gé àtúnṣe náà dànù, tó fi àṣìṣe nìkan sílẹ̀ kí ayé máa gbọ́, èwo nínú méjèèjì ni Ọlọ́run yóò kọ sínú ìwé rẹ̀?

Mo ti bi pásítọ̀ wa. Mo ti bi Ọlọ́run fúnra rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Pásítọ̀ yára dáhùn, Ọlọ́run kò tíì dáhùn, n kò sì mọ èyí tó dùn mí jù. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sọ pé mo ti ń yẹ̀. Ó di ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì, n kò sì pa ìsìn jẹ rí àfi lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún mi. Àmọ́ inú ń bí mi. Inú ń bí mi sí máníjà wa, inú ń bí mi sí bébà tó fi mú ọkùnrin náà, inú sì ń bí mi sí ọwọ́ ọ̀tún mi yìí tó fi bírò kan bébà ọ̀hún.

Bàbá Wáyà ni a ń pe ọkùnrin tí mò ń wí. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ìka rẹ̀ gùn bí ẹni pé wọ́n yá a lọ́wọ́ ẹni tó ga jù ú lọ. Fáànù ló ń tún ṣe. Bí fáànù bá jóná, òun ni yóò tú ikùn rẹ̀, tí yóò fa wáyà tó ti dúdú jáde, tí yóò sì wé tuntun sí i, ọgọ́rùn-ún ìgbà, igba ìgbà, láìwo ọwọ́ ara rẹ̀. Bí ẹ bá bi í bó ṣe mọ iye tó ti wé, á ní, "Etí ni mo fi ń kà á." Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán, á fọ ọ̀rá lọ́wọ́, á wọ kóòtù dúdú rẹ̀ tí ìgúnpá ti ń dán, á gbé gìtá kọ́ èjìká, á sì wá ta á ní yàrá ìjẹun hòtẹ́ẹ̀lì tí èmi náà ti ń ṣiṣẹ́. Láti aago méjìlá sí aago mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún odidi ọdún mẹ́rìnlá. Orin jáàsì ló ń ta, kò ta nǹkan míì.

Èmi ni olórí yàrá aṣọ. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tówẹ́ẹ̀lì, aṣọ tábìlì, aṣọ ìnuwọ́, èmi ni mò ń kà wọ́n jáde, tí mò ń kà wọ́n wọlé. Ìyá Aṣọ ni wọ́n ń pè mí. Ògiri kan ṣoṣo ló pín yàrá mi àti yàrá ìjẹun níyà, fèrèsé kékeré kan tí kò ju ìrọ̀rí lọ sì wà lára ògiri náà, tí a fi ń na aṣọ tábìlì sí àwọn agbáwo. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yìí ni tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ wà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lódìkejì ni àga Bàbá Wáyà wà. Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìjà ló sì kọ́kọ́ jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé, aṣọ ìnuwọ́ ni mo fi dí fèrèsé náà. Orin ayé ni mo kà á sí, kì í tilẹ̀ ṣe orin ayé tó ní orí àti ìdí. Orin mìíràn, ẹ mọ ibi tó ń lọ. Èyí á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, á wá máa ṣáko kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn. Mo gbàdúrà sí i, n kò purọ́. Mo ní, "Olúwa, mú ọkùnrin yìí kúrò lẹ́yìn ògiri mi." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àdúrà yìí, èmi náà kò rí i gbàgbé.

Lọ́jọ́ kan mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ kì í mọ orin yẹn parí ni? Ẹ ó mú un, ẹ ó tún sọ ọ́ nù, ẹ ó wá máa wá a kiri."

Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń dí fèrèsé."

"Èmi ni."

"Ó dáa. Ó tẹ́ mi lọ́rùn pé ẹnì kan ń gbọ́. Àwọn tó wà nínú ibẹ̀ yẹn, ẹran ni wọ́n ń bá jà. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: tí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, ṣé inú ìwé lẹ ti ń kà á?"

"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ̀mí ló ń darí wa."

"Ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé àmín lẹ ó fi parí."

"A mọ̀."

"Láàárín ibẹ̀ ńkọ́?"

Ó gbé gìtá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní, "Láàárín ibẹ̀ lèmi ń gbé," ó sì lọ. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ìkòkò lórí iná lálẹ́ ọjọ́ náà. Ta ló ní kó fi àdúrà wé gìtá? Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, mo yọ aṣọ ìnuwọ́ kúrò lójú fèrèsé. Mo ní kí n kàn gbọ́ ọ dáadáa kí n lè mọ bí n ó ṣe dá a lóhùn.

Ohun tí mo gbọ́ nìyí, bí mo bá lè sọ ọ́. Ó dà bí ẹni tí ẹ mọ̀ dáadáa tó ń bọ̀ ní àdúgbò yín. Ẹ ti mọ ìrìn rẹ̀, ẹ ti mọ ojúlé tí yóò kọjá. Àfi bó ṣe dé ìkóríta tó yà síbi tí kò sí ọ̀nà. Àyà yín á já, ẹ ó ní ó ti sọnù. Ẹ ó gbé áyọ̀ọ̀nù dúró lọ́wọ́, ẹ ó máa retí. Ẹ ó ṣàdédé gbúròó rẹ̀ lẹ́yìn ilé tiyín, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń kí yín pé ẹ kú ilé, tí ẹ ó sì rí i pé ọ̀nà wà níbẹ̀ látijọ́, ẹ̀yin lẹ kò gbà á rí. Aṣọ tábìlì mẹ́ta ni mo fi áyọ̀ọ̀nù jó lọ́dún náà. Mo ní iná mànàmáná ló ń ṣe ségesège. Ọlọ́run, dárí jì mí.

Bó ṣe kọ́ ọ pàápàá jẹ́ ìtàn. Ẹni ogún ọdún ni nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ fáànù lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń lo àwo àti àwo jáàsì méje péré. Ẹni tó ń ta gìtá nínú àwo náà yára jù, etí kò lè lé e bá. Bàbá Wáyà wá ń fi àtàǹpàkò ra etí àwo náà díẹ̀díẹ̀ kó lè fà, kí orin náà máa rìn bí arúgbó tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kó lè rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò bàbá rẹ̀ ká a mọ́ ọn. Ó kígbe pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹ̀rọ ìlọta lo rò pé mo rà ni?" Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Àwo méjèèje ti wọ ọmọ náà lára. Ó sọ fún mi pé ọdún mẹ́ta ni òun fi gbọ́ kí òun tó fọwọ́ kan gìtá. Ó ní, "Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n gbọ́, kò lè mọ̀ ọ́n ta. Àwọn tó ń ta á láìgbọ́ ẹlòmíràn, ariwo ni wọ́n ń pa."

Òfin kan wà tó kọ́ mi, òun ló sì dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì. Èmi tí n kò mọ nǹkan kan mọ̀ pé ohùn yẹn kò sí níbẹ̀, ó kan bí òkúta nínú ìrẹsì. Kò sá fún un. Ó padà síbẹ̀, ó tẹ ohùn kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta ó wá fà á lọ́wọ́ bí ẹni fa ọmọ tó sọnù, ó mú un sọ̀kalẹ̀, ó mú un délé. Ó dùn débi pé mo pariwo "Hẹ̀!" láti ẹ̀yìn ògiri.

Nígbà tó ń lọ mo bi í léèrè. Ó ní, "Ọwọ́ gbogbo wa ló ń ṣì, Ìyá Aṣọ. Ọ̀lẹ ló ń sá. Bó o bá sá, gbogbo ayé á mọ̀ pé o ṣì í. Padà síbẹ̀, dárúkọ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó o wá mú un délé. Àmọ́ lójú ẹsẹ̀ ni o! Tó bá fi di ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe àtúnṣe mọ́, àwíjàre ni."

Mo lọ sílé, mo sì ro ó. Ogún ọdún ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù lórí ìrònúpìwàdà, kò sí èyí tó yé mi tó bẹ́ẹ̀. Èyí gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ó yẹ kó jẹ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti gbọ́ ọ.

Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ máníjà.

Tuntun ni, kò tíì lo ọdún méjì. Ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń pe èèyàn ní "Màmá" tó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó kó ẹ̀rọ wá, ó gbé ohun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí síwájú gìtá, ó ní fún Bàbá Wáyà pé, "A fẹ́ dán sípíkà tuntun wò ni, Bàbá. Ẹ máa ta á bí ẹ ṣe ń ta á." Bàbá Wáyà ta á. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ náà, ó ń wò ó, ní orin kẹrin ọwọ́ rẹ̀ sì ṣì. Mo gbọ́ ọ. Mo tún gbọ́ ọ tó padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó mú un délé. Ní tèmi, kò tíì ṣe é dáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kò pẹ́, máníjà na bébà sí mi láti ojú fèrèsé.

"Màmá, ẹ bá wa fọwọ́ síbí. Ẹlẹ́rìí ni."

Áyọ̀ọ̀nù gbígbóná wà lọ́wọ́ òsì mi. "Ẹlẹ́rìí kí ni?"

"Pé Bàbá ta gìtá lónìí."

"Ṣebí ó ta á."

"Ṣebí ẹ gbọ́ ọ."

Mo gbọ́ ọ lóòótọ́, mo fọwọ́ sí i. Bàbá Wáyà ti fọwọ́ sí i ṣáájú, láìsí awò lójú. Ohun tó wà nínú bébà náà, tí mo rí kà lẹ́yìn ìgbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́, ni pé gbogbo ohùn tó jáde lọ́jọ́ náà ti di ti hòtẹ́ẹ̀lì títí láé, kí wọ́n gé e, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n lò ó bó bá ṣe wù wọ́n. Ẹ̀yin ará, mo ti kọ́ àwọn ọmọdé ní òfin kẹsàn-án fún ọdún mẹ́wàá ní kíláàsì ọjọ́ ìsinmi. Má ṣe jẹ́rìí èké. Èmi yìí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, máníjà ní kí Bàbá Wáyà lọ sinmi. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì fún un ní aago ògiri tí àwòrán hòtẹ́ẹ̀lì wà lójú rẹ̀. Ìyàwó Bàbá Wáyà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní aago tiẹ̀ kò ní wọ ilé òun. Wọ́n fi ti ẹsẹ̀ tábìlì iṣẹ́ tó ń mì.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, aago méjìlá lù, mo sì gbọ́ gìtá. Inú mi dùn, mo ní wọ́n ti pè é padà. Mo ṣí fèrèsé kí n kí i. Àga kò sí níbẹ̀. Ènìyàn kò sí níbẹ̀. Òkè àjà ni ohùn náà ti ń bọ̀. Òun ni o, ọwọ́ rẹ̀ ni, àní mo gbọ́ bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Wọ́n ti lé ọkùnrin náà, wọ́n sì dá ohùn rẹ̀ dúró síṣẹ́.

Orin kẹrin dé. Ohùn tó ṣì dé. Mo dúró kó padà síbẹ̀. Kò padà. Orin náà fò, ó já sínú nǹkan míì bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Wọ́n ti gé àtúnṣe náà. Wọ́n fi àṣìṣe sílẹ̀.

Mo lọ bá máníjà ní ọ́fíìsì rẹ̀. N kò jókòó.

Mo ní, "Ọ̀gá, ibì kan wà nínú orin kẹrin tí ẹ gé."

Inú rẹ̀ dùn. Ẹ gbọ́ mi: inú rẹ̀ dùn! Ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ, Màmá? Etí yín mà dáa o. Ohùn kan náà ló ń tún ara rẹ̀ pè níbẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta! Ó dà bí pé ẹ̀rọ ti há. Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n gé e."

"Bàbá ló ń tún un ṣe níbẹ̀. Èyí tí ẹ fi sílẹ̀ ni àṣìṣe. Èyí tí ẹ gé ni àtúnṣe."

"Hẹn-ẹn?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń gbọ́ ọ, Màmá? Oúnjẹ ni wọ́n wá jẹ."

"Ẹ dá a padà síbẹ̀."

"Èyí tí a gé ti pa rẹ́."

"Ẹ pe Bàbá kó wá tún un ta, ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

"Màmá, a ti fọwọ́ sí bébà. Ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i."

Mo padà sídìí áyọ̀ọ̀nù mi. Nígbà tí mo ṣíwọ́, mo lọ sọ ọ́ fún Bàbá Wáyà.

Ẹ lè ní kí ló wá burú níbẹ̀, ohùn kan ṣoṣo. Ohun tó burú níbẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Etí. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà ni wọ́n, tí wọ́n ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú wọn, Káfíńtà, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú láti gbọ́ jáàsì. Wọn kì í ta á, gbígbọ́ ni wọ́n ń gbọ́. Bàbá Wáyà nìkan ló mọ̀ ọ́n ta nínú wọn. Òfin wọn ni pé títí abẹ́rẹ́ yóò fi kúrò lórí àwo, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹni bá wúkọ́ á lọ dúró níta. Lẹ́yìn náà ni wọn ó máa jiyàn lórí ohùn kan fún wákàtí kan. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá Wáyà ti wà níbẹ̀, kò sì sí ibòmíràn láyé tí wọ́n ti mọ ohun tó jẹ́. Lójú àwa yòókù, alátùn-únṣe fáànù tó ń wọ kóòtù ni.

Káfíńtà ló ṣe tábìlì tuntun fún hòtẹ́ẹ̀lì wa. Ọjọ́ tó kó wọn wá, ó dúró jẹun, ó sì gbọ́ orin kẹrin. Ẹ jẹ́ kí Bàbá Wáyà fúnra rẹ̀ sọ ohun tó tẹ̀ lé e, bó ṣe sọ ọ́ fún mi ní ìta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ìyá Aṣọ, wọ́n gbé àga fún mi."

"Ṣé àga wá burú ni?"

"Àga ẹ̀gbẹ́ sípíkà! Èmi tí mo ti ń fara ti ilẹ̀kùn láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Káfíńtà fọwọ́ gbọn eruku pákó kúrò lórí àga, ó ní, 'Ẹ jókòó síbí, ẹ̀gbọ́n, kí ẹ lè gbọ́ dáadáa.' Kí n lè gbọ́! Télọ̀, tí òun náà wà nínú ẹgbẹ́ wa, wá ń bi mí bóyá mo ti jẹ́ kí dókítà wo ọwọ́ mi. Wọ́n ń kẹ́ mi, Ìyá Aṣọ. Wọ́n ń kẹ́ mi bí aláìsàn."

"Ẹ kò sọ fún wọn pé wọ́n gé e ni?"

"Mo sọ ọ́. Wọ́n ń mi orí fún mi, bí wọ́n ṣe ń mi orí fún agbábọ́ọ̀lù tó ní oòrùn ló wọ òun lójú. Mo gbé gìtá lọ lọ́sẹ̀ kejì, mo ta á fún wọn, àṣìṣe àti àtúnṣe. Wọ́n ní ó dùn. Káfíńtà wá ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé tó bá ti pẹ́, àwíjàre ni.' Ẹnu mi ni wọ́n fi mú mi."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá pásítọ̀, torí ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀. Ó gbọ́ mi dé ìdajì. Ó ní, "Ìyá wa, orin ayé ni. Kí ló kàn yín níbẹ̀?"

"Mo fọwọ́ sí i láìkà á, sà."

"Ẹ ti ronú pìwà dà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọlọ́run ti dárí jì yín. Ọ̀rọ̀ ti tán."

Bí ọ̀rọ̀ bá ti tán, kí ló dé tí mò ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ ní aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Ìyẹn ni n kò lè bi í. Àti èyí tó burú jùyẹn lọ: mo gbàdúrà nígbà kan pé kí Ọlọ́run mú ọkùnrin yẹn kúrò lẹ́yìn ògiri mi. Ó ti kúrò. Ṣé ìdáhùn nìyí? Ṣé ọdún mẹ́rìnlá ni àdúrà mi wà lójú ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ fún wọn lọ́run pé mo ti yí ọkàn padà? Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni, n kò lè sọ ọ́ síta.

Bàbá Wáyà kò dúró de àdúrà. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó wọ yàrá ìjẹun wa bí oníbàárà, ó béèrè omi tútù. Mo rí i láti ojú fèrèsé, àpò gìtá wà láàárín orúnkún rẹ̀. Bí orin kẹrin ṣe bẹ̀rẹ̀, ó tú gìtá sílẹ̀. Ohùn tó ṣì dún lókè àjà. Bàbá Wáyà dìde, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó pé gẹ́lẹ́. Kó tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti di gìtá mú lọ́rùn. Àwọn tó ń jẹun pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé eré ni. Ẹ wo ohun tó dé bá ọkùnrin náà: lọ́jọ́ tirẹ̀, àṣìṣe náà dún lẹ́ẹ̀mejì, àtúnṣe kò sì dé. Máníjà ní kò gbọdọ̀ tẹ ọgbà wa mọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta mo lọ kí wọn nílé. Yàrá méjì àti ṣọ́ọ̀bù iwájú ni wọ́n ní. Fáànù kún inú ibẹ̀, òmíràn kò ní apá, òmíràn kò ní orí. Aago hòtẹ́ẹ̀lì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó ṣì ń dún ká-ká-ká. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ran kóòtù dúdú náà níbi tí ẹ̀ṣọ́ ti fà á ya.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ bá Káfíńtà àti àwọn ẹgbẹ́ yín. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. N ó jẹ́rìí fún yín."

Ìyàwó rẹ̀ kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ rọra, Ìyá Aṣọ. Ẹ̀rí yín àkọ́kọ́ ló kó wa dé ibi tí a wà yìí."

"Ìyá Tíṣà!" ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ṣé irọ́ ni mo pa? Ẹni tó lọ aṣọ tí kò fi jó, tó wá fi bébà jó ilé onílé."

Òótọ́ ni. Omi dé ojú mi. Obìnrin náà rí i, ó gé òwú pẹ̀lú eyín, ó sún fún mi lórí àga. "Ẹ jókòó. Inú ló ń bí mi. Kì í sùn mọ́, orin kẹrin ló ń ta sínú ìrọ̀rí."

Bàbá Wáyà ní, "Ẹ̀rí ẹnu kò wúlò fún wọn. Etí ni wọ́n fi ń gbà á." Ó fa gìtá yọ. Ọrùn rẹ̀ ti sán díẹ̀, ó ti fi wáyà fáànù wé e yí ká, tónítóní, bí báńdéèjì. Ó bẹ̀rẹ̀ orin kẹrin. Ó rìn dé ibi ohùn tó ṣì, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì dúró. Kò ta ìyókù. Aago abẹ́ tábìlì ń dún ká-ká-ká.

N kò mọ ìgbà tí mo la ẹnu. Mo pe ohùn náà lẹ́ẹ̀kan. Mo tún pè é. Lẹ́ẹ̀kẹta mo fà á lọ́wọ́, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo mú un délé. Ohùn kejì ni mò ń kọ nínú akọrin wa láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́bìnrin, gbogbo ohun tí mo sì ti fi ẹnu yìí kọ rí, ti Ọlọ́run ni.

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Ìyá Tíṣà.

Bàbá Wáyà ń wò mí bó ṣe wò mí ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ́jọ́ kìíní. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń dí fèrèsé."

"Mo kàn ń gbọ́ ọ ni," ni mo wí.

"Mo mọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbọ́ ni." Ó gbé gìtá sílẹ̀. "Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, Káfíńtà ń kó tábìlì tó kù wá sí hòtẹ́ẹ̀lì yín. Télọ̀ ń bá a bọ̀, àwọn méjì mìíràn ń bá a bọ̀. Wọn ó jẹun níbẹ̀ lọ́sàn-án. Mo mọ̀ wọ́n, wọn ó dákẹ́ tó bá di orin kẹrin, kí wọ́n lè gbọ́ bí mo ṣe ti di arúgbó tó."

Mo ti mọ ohun tó ń bọ̀. Mo ti ń rí ojú máníjà, mo ti ń rí ojú pásítọ̀, mo ti ń rí áyọ̀ọ̀nù mi lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

"Mo mọ ohun tó lè ná yín," ni Bàbá Wáyà wí. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ọkùnrin tó fi ọdún méjìlá jù mí lọ. "Ìyá Aṣọ, mo bẹ̀ yín. Ẹ kàn ṣí fèrèsé yẹn, ẹ má yọjú. Tó bá ti dún báyìí, kó tó fò, ẹ bá mi pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì bá mi mú un délé."